Ṣé àgbo tó ń fọ inú lè wo kíndìnrín?

Ìbéèrè: Dọ́kítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Àyẹ̀wò fi hàn pé kíndìnrín bàbá mi kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ẹnìkan ní bakitéríà inú ìfun ló ń dá májèlé sí bàbá lára, pé kí wọ́n máa mu àgbo tó ń fọ inú, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú iyán. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ gba ìgò àgbo yẹn kúrò níwájú bàbá lónìí. Ọ̀rọ̀ iyán ṣì ń bọ̀ níwájú.

Òótọ́ díẹ̀ ni ẹni yẹn fi bo irọ́. Pùròtéènì ẹran àti ẹyin tí kò dà tán ni bakitéríà ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ̀dọ̀ á sì sọ èyí tó jáde níbẹ̀ di májèlé méjì tí wọ́n ń pè ní indoxyl sulfate àti p-cresyl sulfate. Kíndìnrín tó dá ṣáká á tì wọ́n sínú ìtọ̀. Èyí tó ti ń kú lọ kò lè ṣe é, ni wọ́n bá ń kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ya bakitéríà tán nínú. Ẹ yà á lónìí, á tún pọ̀ sí i. Omi ara ni ìgbẹ́ gbuuru ń gbé lọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín á sì dín kù, èyí tó ṣẹ́ kù nínú agbára rẹ̀ á tún lọ sí i. Àwọn ewé kan sì wà tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń ba kíndìnrín jẹ́. Inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹni tó ta àgbo kì í tẹ̀ lé ẹbí dé ìdí ẹ̀rọ tí a fi ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Fáíbà ni bakitéríà ń fẹ́, ìyẹn apá tí kì í dà nínú ilá, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Bí wọ́n bá rí i jẹ, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yíjú sí pùròtéènì. Níwọ̀nba ni o. Ẹ má sì jẹ́ kí bàbá máa pẹ́ kí wọ́n tó yàgbẹ́.

Ó wá ku iyán. Bí potásíọ̀mù, ìyẹn èròjà inú iṣu tí kíndìnrín máa ń tì sínú ìtọ̀, bá ga nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá, ẹ gé iṣu kéékèèké, ẹ fi omi púpọ̀ sè é, kí ẹ da omi náà nù. Àwa ará Èkìtì a máa bu omi iṣu sí odó bí iyán bá le. Omi gbígbóná mìíràn ni kí ẹ lò. Bí potásíọ̀mù bá wà ní ìwọ̀n, tí kò sì sí ìtọ̀ ṣúgà, iyán kì í ṣe ọ̀tá bàbá. Magí àti iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́.

N kò tíì rí èsì àyẹ̀wò bàbá, nítorí náà n kò lè sọ ìwọ̀n ẹran tí wọ́n lè jẹ. Ẹ má dá a dín kù fúnra yín, kí bàbá má baà rù. Ẹ kó èsì náà àti orúkọ gbogbo àgbo tí bàbá ti mu lọ bá dọ́kítà kíndìnrín ní Adó tàbí Ìdó-Èkìtì. Bí ìtọ̀ bá dín kù, tí ẹsẹ̀ wú, tàbí tí bàbá ń mí gúlegúle, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.