Ṣé ráútà ni ó kéré ni, àbí ibi tí ẹ gbé e sí?

Ẹ̀gbọ́n wa tí ó kọ̀wé láti Ọ̀fà, ẹ ní Wi-Fi yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní pálọ̀ ṣùgbọ́n kò dé yàrá tí ọmọ yín ti ń kàwé, àti pé ẹni tí ó ta ráútà, ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, fún yín ní kí ẹ lọ ra èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ná owó yẹn. Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà mí ní Ìlọrin, oṣù márùn-ún gbáko ni mo sì fi jìyà rẹ̀.

Ẹ̀yìn Òkè Sóbì ni ilé mi wà. Ní àkókò tí ọmọbìnrin mi ń gba ẹ̀kọ́ ìdánwò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, alaalẹ́ ni nẹ́tíwọ̀kì máa ń já. Mo pe iléeṣẹ́ tí mo ń ra dátà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n pa ráútà kí n tún un tàn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú mi. Nígbà tí mo pè lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ráútà mi ti gbó, mo sì ra tuntun, ṣùgbọ́n kò yí ohunkóhun padà. Mo lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ ní òjò ni ó fà á, ẹnì kejì sì ní nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò mi dára lórí àwòrán ilẹ̀ tí ó wà níwájú òun. Òjò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dí ìgbì tí fóònù àti Wi-Fi ń lò lọ́wọ́. Ìgbì tí díìsì sátẹ́láìtì ń lò ni ó máa ń yọ lẹ́nu. Ní gbogbo oṣù yẹn, ilé àǹtí rẹ̀ ni ọmọ mi ń wọ ọkọ̀ lọ kí ó tó lè gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn tí ó bi mí pé níbo ni mo gbé ráútà sí.

Ohun tí mo wá mọ̀ nígbẹ̀yìn ni pé ìrìn méjì ni íntánẹ́ẹ̀tì ń rìn kí ó tó dé ọwọ́ wa: láti òpó nẹ́tíwọ̀kì dé ráútà, àti láti ráútà dé fóònù. Ìgbì rédíò ni ó ń gbé e ní ìrìn méjèèjì, ìgbì yìí sì bá ìmọ́lẹ̀ tan, àfi pé ojú wa kò rí i. Bí dígí ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà ni irin àti páànù ń dá ìgbì rédíò padà. Ní tèmi, ìrìn àkọ́kọ́ ni ó bàjẹ́: òkè dí ọ̀nà lápá kan, ráútà sì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Nígbà tí mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó kọjú sí ìgboro, ìwọ̀n agbára nẹ́tíwọ̀kì tí ó ń fi hàn kúrò ní −112 dBm (dBm ni wọ́n fi ń wọn agbára ìgbì), ó di −94. Bí òǹkà yìí bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni agbára ṣe pọ̀ tó, bí ó bá sì fi 3 péré gòkè, agbára ti di ìlọ́po méjì. Ohun tí mo rí gbà nípa gbígbé ráútà kúrò lójú kan ju ìlọ́po 60 lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ orí òrùlé láti fi fa nẹ́tíwọ̀kì fún yín ní ìtàkutà, nítorí pé èyí tí kò bá dára nínú wọn lè da nẹ́tíwọ̀kì gbogbo àdúgbò rú.

Ní tiyín, níwọ̀n ìgbà tí pálọ̀ ń rí i dáadáa, ìrìn kejì ni ìṣòro wà. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn, òpó sìmẹ́ǹtì tí irin wà nínú rẹ̀ àti táǹkì omi, gbogbo wọn ni wọ́n ń jẹ agbára ìgbì. Ní gbangba pàápàá, bí ẹ bá jìnnà sí ráútà ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára náà ni yóò kù. Ẹ gbé ráútà sókè, sí àárín ilé, kí ẹ sì fi fóònù ọmọ náà sí 2.4 GHz, ọ̀kan nínú oríṣi ìgbì méjì tí ọ̀pọ̀ ráútà ń lò, nítorí pé èkejì, 5 GHz, yára ju èyí lọ ṣùgbọ́n kò lágbára láti la ògiri kọjá tó o. Inú ètò ráútà ni ẹ ó ti rí i, kò le rárá. Bí Wi-Fi àwọn aládùúgbò bá pọ̀, ìkànnì (ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà lórí ìgbì 2.4 GHz náà) 1, 6 tàbí 11 ni kí ẹ yàn. Bí ẹ bá pàpà ra ẹ̀rọ tí ń tún Wi-Fi pín, agbedeméjì ni kí ẹ gbé e sí, nítorí pé bí ẹ bá gbé e sínú yàrá tí Wi-Fi kò dé, kò ní rí ohun tí yóò pín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ibi tí ráútà yín wà gan-an fún wa, àti ohun tí wọ́n fi mọ ògiri yàrá ọmọ náà.