Ètò Windows lórí Linux: ìgbà wo ni Wine tó, ìgbà wo ni kò tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi kò gba Windows 11, wọ́n bá mi fi Linux Mint sí i. RAM rẹ̀ kò ju 4 GB lọ. Ètò tí a fi ń ṣírò ọjà, tí a sì fi ń tẹ rìsíìtì, ti Windows ni. Bí mo bá tẹ setup.exe rẹ̀, kò ṣí. Ṣé mo ṣì lè lò ó láìpadà sí Windows?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ọwọ́ ohun tí ètò náà gbára lé ló wà. Fáìlì .exe kì í dá nǹkan ṣe. Bó bá fẹ́ ka fáìlì, bó bá fẹ́ ya ojú ewé tàbí kó tẹ ìwé, Windows ló ń ké sí. Linux kò mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Wine, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1993, ló ń ṣe alárinà: ó ń gba ohun tí ètò náà béèrè, á sì ní kí Linux ṣe é. Kò gbé odidi Windows sínú kọ̀ǹpútà yín, ìdí nìyẹn tí 4 GB fi lè tó o, tí ẹ kò sì ní ra láísẹ́ǹsì.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ wò ó bóyá ètò náà ní kọ́kọ́rọ́ USB tí kì í ṣí láìsí i, bóyá ó ń gbé driver tirẹ̀ wá (ètò kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀), tàbí bóyá SQL Server, ètò ìpamọ́ dátà ti Microsoft, ló ń kó àkọsílẹ̀ sí. Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, ẹ má fi Wine da ara yín láàmú, ẹ fò lọ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ VirtualBox nísàlẹ̀. Inú kernel Windows, ìyẹn ọkàn Windows gan-an, ni driver ti ń ṣiṣẹ́, Wine kò sì ní kernel yẹn.

Bí kò bá sí ìkankan, ẹ ṣí terminal (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ), kí ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí:

sudo dpkg --add-architecture i386
sudo apt update
sudo apt install wine wine32:i386 winetricks

Ìlà àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Ètò ṣọ́ọ̀bù tó ti pẹ́ sábà máa ń jẹ́ ti 32-bit, láìsí ìlà yẹn Wine yóò máa ráhùn pé wine32 kò sí. Lẹ́yìn èyí, ẹ ya fódà tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún un:

WINEARCH=win32 WINEPREFIX=~/.wine-soobu winecfg
WINEPREFIX=~/.wine-soobu wine ~/Downloads/setup.exe

Bó bá ní kí òun gbé Wine Mono wá, ẹ gbà fún un. Bó bá jẹ́ fáìlì .msi ni wọ́n fún yín, "wine msiexec /i" ló máa ṣáájú orúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi sudo síwájú wine láéláé: root, ìyẹn alábòójútó kọ̀ǹpútà, ni yóò di onífáìlì, ẹ̀yin fúnra yín kò sì ní lè ṣí i mọ́. Bí ó bá ti wọlé tán, ẹ padà sí winecfg, ní abẹ́ Drives, kí ẹ yọ Z: kúrò. Gbogbo dísìkì Linux yín ni Z: ń tọ́ka sí, fáírọ́ọ̀sì Windows sì lè gba ibẹ̀ dé ibi àwọn fáìlì yín.

Bó bá kọ̀ láti ṣí, inú terminal ni kí ẹ ti pè é, kí ẹ sì ka ohun tó kọ jáde. Àwọn ìlà "fixme" kì í ṣe ìṣòro, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìlà "err" tó ní import_dll nínú ni kí ẹ wá, nítorí ó máa ń dárúkọ ohun tí kò rí. Winetricks ló ń bá wa gbé irú ohun bẹ́ẹ̀ wá. MSVBVM60.DLL? Ẹ tẹ "WINEPREFIX=~/.wine-soobu winetricks vb6run". MFC42.DLL? mfc42 ni kí ẹ fi rọ́pò vb6run. Ètò tó bá ń lo fáìlì Access, .mdb, máa ń fẹ́ jet40.

Rìsíìtì ló máa ń fa wàhálà jù. Bí ètò náà bá ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bí gbogbo ètò ṣe ń lò ó, ẹ ṣáà rí i pé Mint ti dá ẹ̀rọ náà mọ̀. Gbogbo èyí tí Mint mọ̀ ni Wine yóò rí. Ṣùgbọ́n ètò àtijọ́ mìíràn a máa kọ ọ̀rọ̀ tààrà sí LPT1 tàbí COM1, orúkọ tí Windows ń pe ojú ihò tí a ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́. Ẹ ṣí "wine regedit" (pẹ̀lú WINEPREFIX kan náà), ẹ lọ sí HKEY_LOCAL_MACHINE\Software\Wine\Ports, ẹ ṣẹ̀dá string tó ń jẹ́ LPT1, kí iye rẹ̀ jẹ́ /dev/usb/lp0. Fún COM1 lórí okùn USB, /dev/ttyUSB0 ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ara yín sínú ẹgbẹ́ tó láṣẹ lórí àwọn ojú ihò yìí, kí ẹ sì pa Wine:

sudo usermod -aG lp,dialout $USER
WINEPREFIX=~/.wine-soobu wineserver -k

Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín kí ẹ tún wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹgbẹ́ tuntun náà kò ní ṣiṣẹ́. Àwọn kan máa ń fọwọ́ so link (àmì tó ń tọ́ka sí ẹ̀rọ náà) sínú fódà dosdevices tó wà nínú ~/.wine-soobu. Wine lè pa á rẹ́ nígbà tó bá tún bẹ̀rẹ̀. Bí àmì ₦ bá sì yọ bí àpótí òfìfo lójú ewé, fọ́ǹtì ni kò ní in: DejaVu Sans ní in.

Ní ti ètò tí Wine kò lè gbé, VirtualBox ló kù, ètò tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà yín. Odidi Windows ló máa wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú láísẹ́ǹsì tirẹ̀. Windows 10 ti 64-bit nílò 2 GB RAM ó kéré tán, ìyẹn ni pé Mint àti Windows yóò máa du 4 GB yín mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ láìsọ RAM di 8 GB. Ẹ tan VT-x tàbí AMD-V (ohun tí ń ran CPU lọ́wọ́ láti gbé irú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀) nínú BIOS, ojú ewé ètò tí à ń wọ̀ kí kọ̀ǹpútà tó ṣí, kí ẹ sì fi ara yín sínú ẹgbẹ́ vboxusers, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ USB náà kò ní hàn. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025; bí ètò ìṣírò náà kò bá nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gé nẹ́tíwọ́ọ̀kì VirtualBox náà kúrò.

Ní ti bákọ́ọ̀pù, bí ẹ bá fi àkọsílẹ̀ sí ibi tí ètò náà fúnra rẹ̀ yàn, inú ~/.wine-soobu ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ pa ètò náà, kí ẹ da fódà yẹn kọ sórí dísìkì òde tí ẹ ti ṣe ní ext4, ọ̀nà tí Linux ń gbà to fáìlì sórí dísìkì. Flash FAT32 kò lè gba àwọn link inú dosdevices.