Ṣé mo lè pààrọ̀ bushing lower arm ọkọ̀ mi fúnra mi nílé?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè ṣe é. Lower arm ni apá irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀; bushing ni rọ́bà oníirin tó wà níbi tí apá náà ti so mọ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ fi stand (irin ìdúró tó ń gbé ọkọ̀ ró) sí i, ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Ẹ fi irin gbọọrọ mi arm náà wò. Bí rọ́bà bushing bá ti ya, tàbí tó ti ṣí kúrò lára irin rẹ̀, ó ti kú nìyẹn. Bí ball joint (oríkèé tó so arm mọ́ ẹsẹ̀ táyà) náà bá ti ń mì, odindi lower arm ni kí ẹ rà. Ó dín wàhálà kù.

Kí ẹ tó ti ògbólógbòó jáde, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí bó ṣe kọjú, torí bushing ẹ̀yìn sábà máa ń ní ihò tó gbọ́dọ̀ kọjú síbi kan pàtó. Ẹ má fi hámà gbá tuntun wọlé; ẹ gbé arm lọ bá ẹni tó ní press, ẹ̀rọ tó ń fi agbára tẹ nǹkan wọlé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe rèé: wọ́n á fún bóòtù pinpin nígbà tí táyà ṣì wà lókè. Rọ́bà yẹn lẹ̀ mọ́ irin inú àti tòde. Bí ọkọ̀ bá wá délẹ̀, ṣe ni rọ́bà á lọ́, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí á fi ya. Ẹ kọ́kọ́ fún un díẹ̀, ẹ fi jáàkì ti arm sókè dé ibi tó máa ń wà bí ọkọ̀ bá dúró nílẹ̀, kí ẹ tó fún un le. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ṣe alignment, ìyẹn títo táyà kí wọ́n lè kọjú síbi tó yẹ.