Ìpayà ikú tó ń mú màmá lóru: èémí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ kú ìtọ́jú, àbúrò mi. Mo ka ohun tí ẹ kọ: màmá yín ní Oǹdó, ẹni ọdún 76, tí dókítà ní ọkàn wọn ò lágbára mọ́, tí wọ́n ń ta jí lóru tí wọ́n ń ké pé "ikú ti dé o, ẹ pe àwọn ọmọ mi." Ẹ ní ilé ti gbàdúrà títí, ẹ̀rù náà ò lọ. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn àgbà aláìsàn níbí l'Àkúrẹ́ ni mo ti kọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ má tíì pè é ní ìbẹ̀rù ikú. Bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára bá dùbúlẹ̀ gbalaja, omi tó ti rọ̀ sí ẹsẹ̀ láti ọ̀sán á padà sínú ẹ̀jẹ̀, á sì máa jò sínú ẹ̀dọ̀fóró. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta tí wọ́n bá ti sùn, wọ́n á ta jí, èémí ò ní tó wọn. Ara ló kọ́kọ́ ké, kí èrò tó sọ igbe náà di ikú. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jókòó: etí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, èjìká ń gòkè ó ń sọ̀, ẹnu yà díẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tó sì ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá ti jókòó fún bí ìdajì wákàtí, ọ̀rọ̀ èémí ló wà ńlẹ̀.

Ìrọ̀rí mẹ́ta ni kí ẹ lò, kí ẹ tò wọ́n bí àtẹ̀gùn láti ìdí títí dé orí. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ọrùn. Ọrùn á tẹ̀, àyà á ká, èémí á tún há sí i. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn gan-an. Bí kò bá sí iná, abẹ̀bẹ̀ ń ṣiṣẹ́, torí ìtutù tó bá kan ojú ló ń sọ fún ọpọlọ pé afẹ́fẹ́ ń wọlé. Kí wọ́n fi imú fà á sínú, ẹ ka ení, èjì. Kí wọ́n wá fi ètè fẹ́ ẹ jáde bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ kà á dé ẹẹ́rin. Ẹ bá wọn ṣe é. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ àṣẹ, ṣùgbọ́n á tẹ̀ lé ẹni tó ń mí níwájú rẹ̀.

Ẹ bi dókítà àkókò tó yẹ kí wọ́n máa lo oògùn tó ń mú wọn tọ̀. Àárọ̀ ló sábà máa ń dáa jù, torí bí wọ́n bá lò ó lálẹ́, ìtọ̀ ò ní jẹ́ kí wọ́n sùn. Ẹ dín iyọ̀ àti Maggi kù. Ẹ máa wọ̀n wọ́n láràárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá tọ̀, kí wọ́n tó jẹun: bó bá fi kílò méjì lé sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ń kó jọ nìyẹn, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Bí àyà bá ń dùn wọ́n, bí ètè bá ṣú, tàbí bí wọn ò bá lè parí gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé wọn lọ. Bí wọ́n bá tún ní ìtọ̀ ṣúgà, tí wọ́n ń làágùn tútù, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹ yẹ ṣúgà wò. Bí kò bá tó 70 mg/dL, tí wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún wọn ní síbí tíì mẹ́ta ṣúgà nínú omi, kí ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra Valium, oògùn tó ń mú ara balẹ̀ tó sì ń múni sùn, fún wọn ní kẹ́mísì. Ó ń mú àgbà ṣubú, ó ń da orí rú, ó sì lè rẹ èémí sílẹ̀.

Nígbà tí èyí bá ti wà létò ni ẹ tó máa mọ èwo nínú ẹ̀rù náà ló kù sí inú lọ́hùn-ún. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àwa Yorùbá ti ń ṣe àwọn àgbà wa lọ́ṣẹ́ láìmọ̀. Màmá á ní, "Mo rò pé mi ò ní rí ọdún tó ń bọ̀," ọmọ á sì yára dáhùn pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ ṣì máa jẹun ọmọ." Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n a ti pa ẹnu wọn dé, ohun tí wọn ò rí sọ lọ́sàn-án ló ń padà wá lóru.

Ní 1970, Donald Templer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣe ìbéèrè 15 tí wọ́n fi ń wọn ìbẹ̀rù ikú. Àrùn jẹjẹrẹ, iṣẹ́ abẹ, àrùn ọkàn àti ikú oníìrora wà nínú ohun tí wọ́n ń bi èèyàn. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ arúgbó ò tilẹ̀ bẹ̀rù ikú tó ẹni ogójì ọdún. Ohun tó ń lé e sókè lára wọn ni ìrora tí a ò tọ́jú, ìrẹ̀wẹ̀sì, ìrònú pé wọ́n ti di ẹrù sí ọmọ lọ́rùn, àti bí wọ́n bá wẹ̀yìn wò tí ayé wọn ò jọ ohun tó ní láárí.

Torí náà, ẹ yan ọ̀sán kan tí ara wọn balẹ̀, kí àlejò má sí, kí ẹ pa rédíò tó ń kéde òkú. Ẹ bi wọ́n pé: "Màmá, kí ló ń bà yín lẹ́rù jù nínú rẹ̀?" Kí ẹ wá dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn máa gùn, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dí i. Ohun tó sábà ń jáde ṣeé dì mú: gbèsè èsúsú tí ẹnì kankan ò mọ̀, ìjà àárín wọn àti àbúrò wọn láti ọdún pípẹ́, ọmọ tó kú lọ́wọ́ wọn tí wọn ò sunkún rẹ̀ tán, ibi tí wọ́n fẹ́ kí a sin wọ́n sí. Àwọn ìyá mìíràn ń bẹ̀rù pé bí ọmọ ilé kan bá ṣàìsàn, wọ́n á pè wọ́n ní àjẹ́. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè àti iye owó sílẹ̀ níṣojú wọn. Ẹ pe àbúrò náà. Bó bá jẹ́ ẹ̀rù pé wọ́n á pè wọ́n ní àjẹ́ ni, kí àkọ́bí sọ níwájú gbogbo ilé pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ ilé yìí.

Bí wọ́n bá ń tún ìtàn ìgbà èwe wọn sọ, ẹ má dá wọn dúró pé a ti gbọ́ ọ. Dókítà Robert Butler ti kọ ọ́ ní 1963 pé bí àgbà ṣe ń yẹ ayé rẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìsàn orí. Ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀, ìdajì wákàtí ti tó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bi wọ́n nípa ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ mọ̀ nípa wọn.

Àdúrà ńkọ́? Èyí tí wọ́n fúnra wọn fẹ́ ń tù wọ́n nínú. Ìṣọ́ òru, ààwẹ̀ fún ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà, àti ìran pé "mo rí pósí" ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ dá aríran náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má sì gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n ṣa ẹ̀fọ́, kí wọ́n yan ọbẹ̀ tí a ó sè.

Bí ọ̀rọ̀ bá yí padà sí "ikú ì bá tètè mú mi," tí wọn ò jẹun, tí inú wọn ò dùn sí ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bi wọ́n ní tààrà bóyá wọ́n ń rò láti pa ara wọn. Bíbéèrè kì í kó o sí wọn lórí. Ẹ kó oògùn kúrò nítòsí wọn, kí ẹ sì sọ fún dókítà wọn lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn UNIMED (ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn) wà ní Oǹdó níbẹ̀ àti l'Àkúrẹ́. Bí wọ́n bá sì ṣàdédé ń sọ̀rọ̀ tí kò bára mu láàárín ọjọ́ kan sí méjì, àkóràn tàbí àìtó omi lára ló sábà ń fà á, ilé ìwòsàn ni.

Lálẹ́ òní, ìrọ̀rí ni kí ẹ kọ́kọ́ tò. Ẹ padà wá sọ iye ìgbà tí wọ́n ta jí.