Owó Oṣù Ọdún Mẹ́rìnlélógún Tí Ẹ Kò Ṣiṣẹ́ Fún

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní Ifẹ̀ níbí, ₦85,000 lóṣù. Wọ́n ní mo jí owó. Kò sí kúèrì, kò sí nótíìsì, wọ́n lé mi lọ́jọ́ náà. Ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà kóòtù ní màá gba owó oṣù mi títí n ó fi pé ọgọ́ta ọdún. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí. Mílíọ̀nù mélòó ni ká béèrè?

Ìdáhùn: ₦24,480,000 ni ìṣirò ọ̀gbẹ́ni ẹnu ọ̀nà kóòtù yẹn. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ẹnì kẹta tó máa gbé e wá bá mi ní Lágere lóṣù yìí, ó sì ti ń sú mi.

Ẹ gbọ́. Agbanisíṣẹ́ aládàáni lẹ́tọ̀ọ́ láti ní òun ò fẹ́ yín mọ́, bó bá ti fún yín ní nótíìsì tàbí owó dípò rẹ̀. Kóòtù kì í so òṣìṣẹ́ mọ́ ọ̀gá tó ti kọ̀ ọ́. Nítorí náà, àìfúnni-ní-nótíìsì ni wọ́n fi ṣẹ̀ yín, owó àsìkò nótíìsì náà sì ni gbà-má-bínú yín. Bí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín bá ní oṣù kan, ₦85,000 nìyẹn. Bí lẹ́tà bá dákẹ́, Òfin Òṣìṣẹ́, abala 11, fún akọ̀wé tó ti lo ọdún márùn-ún sókè ní oṣù kan náà. Ẹni tó ti lé lóṣù mẹ́ta àmọ́ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan péré ni tirẹ̀.

Mo mọ ibi tí ọ̀gbẹ́ni ẹnu ọ̀nà kóòtù yẹn ti gbọ́ tirẹ̀. Àwọn tí òfin fúnra rẹ̀ dáàbò bo iṣẹ́ wọn, bí òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ yunifásítì ìjọba, kóòtù lè dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo owó oṣù tó ti kọjá. Ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣe nìyẹn nínú ẹjọ́ Ọláníyàn àti Yunifásítì Èkó ní 1985. Ọ̀gá yín kì í ṣe yunifásítì.

Ọ̀rọ̀ olè ni kó ká yín lára. Bí wọn ò bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, owó nótíìsì yẹn tọ́ sí yín. Owó ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ àti owó ìsinmi tí wọ́n jẹ yín yóò kún un. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ti san sórúkọ yín, tiyín ni, kódà kí wọ́n dá yín lẹ́bi.

Adájọ́ National Industrial Court, níbi tí ẹjọ́ yìí ń lọ, máa ń fi nǹkan kún owó nótíìsì nígbà mìíràn. Mi ò ṣèlérí. Mi ò tíì rí ìwé yín.

Ẹ mú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wá. Bí ẹ bá sì ti fọwọ́ sí ìwé kankan pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, ẹ má fi pamọ́ fún mi.