Social Security ló kọ̀ yín, ìpínlẹ̀ kò tíì gbọ́ orúkọ ọmọ yín

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Richmond ní Texas ni à ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹnjiníà ni ọkọ mi. Ọmọ wa ọkùnrin ti pé ọdún 9, wọ́n ní ó ní ọ́tísíìmù, ọ̀rọ̀ kò sì tíì já gaara lẹ́nu rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá a wá ìrànwọ́ ìjọba fún un, lẹ́tà dé pé owó wa ti pọ̀ jù. Ọkùnrin kan tí a pàdé lóde ìnáwó ní òun lè bá wa ṣe é. Ó ní ká san $1,200, ká kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé èmi àti ọkọ mi ti kọ ara wa sílẹ̀, kí owó tó ń wọlé lè kéré. Ọkọ mi ní ká fi í sílẹ̀ títí ọmọ á fi pé ọdún 18. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ti ọkùnrin yẹn lóhùn, torí ara mi ń gbóná sí i. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Bí ẹ bá ti san owó, ẹ ka owó náà sí àdánù, kí ẹ dúró níbẹ̀. Irọ́ tó bá wọ inú fọ́ọ̀mù ìjọba, ẹni tó fọwọ́ sí i ni wọ́n ń mú. Ẹni tó gbà á nímọ̀ràn á ti lọ jókòó sí òde mìíràn. Orúkọ ẹ̀yin àti ọkọ yín ló wà lórí ìwé owó-orí, òun náà ló wà lórí ìwé ilé, ẹ ó wá lọ kọ ọ́ síbòmíràn pé ẹ ti túká? Bí ẹnì kan nínú yín kò bá sì tíì di ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, irú irọ́ báyìí lè ba ìwé ìgbélùú rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi ń bá àwọn ìdílé tó ní irú ọmọ yìí tọ ọ̀nà ìrànwọ́ ìjọba ní agbègbè Houston, mi ò sì tíì rí ìdílé kan tí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ṣe láǹfààní.

Ibi tí mo dúró sí nínú lẹ́tà yín ni “ìrànwọ́ ìjọba”. Ìjọba wo? Gbogbo wàhálà yín wà nínú ọ̀rọ̀ kan yẹn.

Ohun tí ẹ lọ bèèrè lọ́dún tó kọjá, ó dá mi lójú pé SSI ni, owó oṣooṣù tí Social Security ń san fún aláàbọ̀ ara tí kò lówó lọ́wọ́. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ní ti SSI, bí ọmọ kò bá tíì pé 18, owó òbí tó ń bá a gbé ni wọ́n ń wò. Wọ́n á yọ díẹ̀ fún bùkátà ilé, wọ́n á ka ìyókù sí ọmọ náà lọ́rùn bíi pé òun ló ni ín. Nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà? Kò yà mí lẹ́nu pé wọ́n kọ̀. Òfin wọn ni wọ́n tẹ̀ lé.

Àmọ́ ìrànwọ́ fún àwọn tí ìdàgbàsókè ọpọlọ tàbí ti ara wọn ní ìdíwọ́ láti kékeré, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà. Ní Texas, iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HHSC ló ń darí rẹ̀. Orúkọ àwọn ètò náà ni HCS, TxHmL, CLASS, MDCP àti DBMD, ti ìkẹyìn yìí jẹ́ ti ẹni tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn. Lápapọ̀ a máa ń pè wọ́n ní wéfà. Owó kọ́ ni wọ́n ń kó lé òbí lọ́wọ́. Ènìyàn ni wọ́n ń rán wá: ẹni tí á kọ́ ọmọ ní ìwẹ̀ àti ìmúra, ẹni tí á dúró tì í kí ìyá lè sùn, atọ́jú, olùkọ́ ìwà, àtúnṣe ilé fún ẹni tó nílò rẹ̀. Bó bá dàgbà, HCS lè fún un ní ibùgbé tí ènìyàn wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Yàtọ̀ sí TxHmL, wọn kì í ka owó òbí nínú àwọn ètò yìí. Owó tó bá jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ilé kìíní ni ẹ kanlẹ̀kùn rẹ̀ tí wọn kò ṣí, ẹ wá jókòó ń sunkún pé onílé kejì lé yín. Onílé kejì kò tíì mọ̀ pé ẹ wà láyé.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, nítorí àwọn ènìyàn wa kì í gbà. Bí mo bá sọ ọ́ fún bàbá kan tó ń gbowó gidi, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Amẹ́ríkà yìí kọ́? Kí wọ́n má ka owó mi?” Nítorí náà, mo máa ń sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní ìpínlẹ̀ Iowa, Katie Beckett. Ọdún 1978 ni wọ́n bí i. Kò tíì pé ọdún kan tí àrùn fi wọ ọpọlọ rẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a mí, ọsibítù ló sì ń gbé. Mẹdikéèdì, ètò ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, ń san owó ọsibítù náà, nítorí ọmọ tó bá pẹ́ ní ọsibítù, wọn kì í ka owó òbí rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ le tó láti padà sílé, òfin yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́: bó bá fi lè délé, owó òbí á di kíkà, Mẹdikéèdì á sì dúró. Ìtọ́jú ilé kò sì náwó tó ti ọsibítù rárá! Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ààrẹ Ronald Reagan, ó sọ ọ́ ní gbangba fún àwọn oníròyìn ní oṣù kọkànlá ọdún 1981, Katie sì padà sílé kí ọdún tó parí. Ọdún 1981 yẹn náà ni òfin jáde tó gba ìpínlẹ̀ láàyè láti yẹ àwọn ìlànà Mẹdikéèdì kan sílẹ̀, kí ẹni tó yẹ kó wà ní ilé ìtọ́jú lè gba ìtọ́jú rẹ̀ nílé. Ìyẹ̀sílẹ̀ yẹn ni wéfà túmọ̀ sí. Katie lọ sí yunifásítì, ó jáde, ó sì pé ọdún 34 kó tó kú ní 2012.

Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi ka owó yín. Ìjọba kò ṣèèṣì, wọn kò sì ṣe yín lóore. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé bí ọmọ bá délé ó sàn fún ọmọ, ó sì sàn fún àpò ìjọba.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín wá kù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tó sọ. Bí ọmọ bá ti pé 18, SSI kò ní ka owó yín mọ́, ẹ sì lè padà lọ bèèrè ní oṣù tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìbí rẹ̀. Fún SSI, kó dúró. Fún wéfà, ìdúró yẹn gan-an ni àṣìṣe tó burú jù tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn ará ilé wa, ó sì ń dùn mí dé ọkàn, nítorí kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mi.

Orí líìsì ni wọ́n ti ń dúró de wéfà. Orúkọ tó ju 100,000 ló wà lórí líìsì HCS nìkan ní Texas. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn, ìdúró sì máa ń ju ọdún 10 lọ dáadáa. Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi. Bí orúkọ ọmọ yín bá wọlé lọ́sẹ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kó kàn án nígbà tó bá ti lé ní ogún ọdún díẹ̀. Bí ẹ bá dúró dé 18, á ti súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún. Ọdún 22 sì ni ilé-ìwé ìjọba ń jọ̀wọ́ irú ọmọ báyìí dá sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì yẹ́lò tó ń gbé e láràárọ̀ kò ní wá mọ́. Ta ni yóò dúró tì í láti aago méje àárọ̀ tí ẹ̀yin bá wà lẹ́nu iṣẹ́?

Ìforúkọsílẹ̀ yìí kò le rárá. Fóònù ni. Káúńtì Fort Bend ni Richmond wà, Texana Center ni ẹ ó pè fún HCS àti TxHmL. Àwọn tó wà ní Harris, The Harris Center ni tiwọn. Irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ 39 ló wà káàkiri Texas, LIDDA ni orúkọ àjọpè wọn, káúńtì kọ̀ọ̀kan sì mọ èyí tí ó ni ín. Fún CLASS àti MDCP, HHSC fúnra rẹ̀ ni ẹ ó pè. Wọ́n á gba orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, wọ́n á bi yín ní ìbéèrè díẹ̀ nípa ohun tó nílò. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ kan. Ẹ kò nílò kí dókítà tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí ìgbà tó bá kàn án ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ́ sí i. Ọmọ lè wà lórí gbogbo líìsì lẹ́ẹ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò kan ṣoṣo ni yóò wọ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà lórí ìwé ìbí. Bí ìwé ìbí bá ní Olúwadámiláre, tí ilé-ìwé sì ń pè é ní David, Olúwadámiláre ni kí ẹ kọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ tó fi ọjọ́ tí orúkọ wọlé hàn, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Mo mẹ́nu kan fíríìjì nítorí ìdílé kan. Ọdún 6 ni ọmọbìnrin wọn nígbà tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, àwọn òbí tó gbọ́n. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan wọ́n ra ilé, wọ́n kó. Wọ́n yí àdírẹ́sì padà ní báǹkì, níbi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàgbé líìsì. Láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn ni wọ́n máa ń wá òbí kàn láti bi wọ́n bóyá ọmọ ṣì wà, bóyá wọ́n ṣì fẹ́ ètò náà. Nígbà tí a tú fáìlì, lẹ́tà náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣí i, bébà yẹ́lò tí àwọn pósítù máa ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà tí kò rí olówó rẹ̀ wà ní iwájú rẹ̀. Wọ́n ti gbé orúkọ ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá rẹ̀ di lẹ́tà náà mú, kò sọ ohunkóhun. Oṣù púpọ̀ ni a fi bẹ̀bẹ̀ kí orúkọ tó padà sípò. Bí ẹ bá kó, ẹ pè wọ́n. Bí nọ́ńbà fóònù bá yí, ẹ pè wọ́n. Bí ẹ bá sì kó lọ sí Georgia tàbí Maryland, ẹ mọ̀ pé ọdún tí ẹ fi dúró ní Texas kò ní bá yín lọ.

Owó ọmọ fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Níbi yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra. Bí ó bá kàn án, ohun ìní tó jẹ́ tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ju $2,000 lọ. Mo mọ̀ wá: ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni a ti ṣí àkáǹtì fún ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń sọ owó sí i, ìyá àgbà ń sọ owó sí i. Àkáǹtì yẹn, tirẹ̀ ni lójú òfin. Ẹ má fi pamọ́, ẹ má sì sáré pín in. Ẹ bèèrè nípa àkáǹtì ABLE, tí a ṣe fún irú wọn, wọn kì í ka owó inú rẹ̀ sí ohun ìní bí kò bá kọjá ààlà òfin. Lọ́yà tó mọ iṣẹ́ yìí ni kó yẹ ti ìdílé yín wò, torí ọ̀rọ̀ ogún àti ilé a máa yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú náà, mi ò ní dá a lé. Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ fi orúkọ ọmọ sórí líìsì, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì ń wá káàdì ìgbélùú kó bá lọ́yà ìwé ìgbélùú sọ̀rọ̀ kó tó gba Mẹdikéèdì, nítorí òfin yẹn ń yí lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ má bi mí, ẹ má sì bi ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn fún ọjọ́ tí wọ́n bá máa yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á bi yín pé, “Ṣé ó ń wọ bàtà fúnra rẹ̀?” Ìyá wa á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni!” Ó kàn ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ni, ẹ̀yin lẹ ń so okùn rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń yí èyí tó wọ̀ sí òdì padà. Èsì tó tọ́ ni pé rárá, mo ń ràn án lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ẹnu wa kì í fẹ́ sọ àìlera ọmọ wa jáde, a ń bẹ̀rù kó má di ohun tó mọ́ ọn lára. Kì í ṣe èpè. Ìwọ̀n ìrànwọ́ tí ẹ bá sọ pé ó nílò ni wọ́n á fi wọ̀n ohun tó tọ́ sí i, ìyìn tí ẹ bá yìn ín lọ́jọ́ yẹn, òun ni yóò san án.

Nígbà tí ẹ bá sì ń pè Texana, ẹ béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe fún un nísinsìnyí kí líìsì tó kàn án, pàápàá ẹni tí á máa dúró tì í fún wákàtí díẹ̀ kí ẹ lè sinmi. Ní ti èyí, wọ́n lè wo owó ìdílé kí wọ́n tó sọ iye tí ẹ ó dá. Bí wọ́n bá béèrè iye tí bàbá ọmọ ń gbà, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.