Ẹ Bi Àǹtí: Ṣé àìsàn ni kéèyàn fẹ́ràn fíìmù tó ń pa ni lẹ́kún?

Ẹ kú oṣù tuntun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lóṣù tó kọjá mo kàn sọ ọ́ lẹ́bàá ọ̀nà ni pé èmi fẹ́ràn fíìmù tó wúwo ju fíìmù ẹ̀rín lọ, ni lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Mo mú díẹ̀ nínú ẹ̀. Èrò tèmi lẹ fẹ́ kà níbí o, èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe fíìmù rí, mo kàn ń wò ó ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o Àǹtí. Ọkọ mi ló ní kí n kọ̀wé sí yín, ọ̀rọ̀ mi ti sú u. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín kì í dùn mọ́ mi rárá, èyí tí ìyá ti ń sunkún ọmọ, tí ọ̀rẹ́ ń da ọ̀rẹ́, tí ìparí ẹ̀ ò dáa, òun ni mo máa ń wá kiri, tí mo bá wò ó tán màá sunkún dáadáa, lẹ́yìn náà ara mi á wá fúyẹ́. Ọkọ mi ní dátà ni mo fi ń ra ẹkún, pé ṣé èyí tó wà nílùú ò tó mi ni. Àǹtí, ṣé nǹkan ń ṣe mí ni? — Ìyàwó Àkànní, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Kò sí nǹkan tó ń ṣe yín jàre, ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́ kẹ́ ẹ máa wo fíìmù yín. Ẹ wá bá mi bi ọkọ yín pé kí ló ń wá nídìí bọ́ọ̀lù ní gbogbo Sátidé, tí wọ́n bá na kílọ́ọ̀bù ẹ̀ tán tí kò ní lè jẹun alẹ́, ṣé ayọ̀ ló lọ rà níbẹ̀ ni?

Yorùbá ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa péjọ torí ẹkún. Lápá Ọ̀yọ́, ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ẹ̀rín, ìyàwó máa ń sun ẹkún ìyàwó ni, á lọ bá bàbá, á lọ bá ìyá, á máa fi ewì sunkún, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á tẹ̀ lé e, àwọn tó ń gbọ́ á sì máa sọ pé ti lágbájá dùn ju tiẹ̀ lọ. Tí ọdẹ bá kú, ìrèmọ̀jé làwọn ọdẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ máa sun fún un. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín lòun wá rín. Nígbà tí Hubert Ogunde gbé sinimá Ayé jáde lọ́dún 1979, ìyá mi wà lára àwọn tó lọ wò ó, títí dòní tẹ́ ẹ bá ti sọ pé àjẹ́ wà nínú fíìmù kan, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ṣé ó bani lẹ́rù tó ti Ogunde. Owó ló san kí wọ́n tó dẹ́rù bà á, kò sì kábàámọ̀ ẹ̀.

Ara tẹ́ ẹ ní ó máa ń fúyẹ́ yẹn, bó ṣe yé mi ni pé ẹkún inú fíìmù, ẹkún nìkan ni. Ẹni tó kú níbẹ̀, ẹ ò ní dáwó ìsìnkú ẹ̀, ẹ ò ní ra aṣọ ẹbí, ẹnikẹ́ni ò ní torí ẹ̀ bá yín jà lórí ilé. Nígbà tí bàbá wa kú, mi ò ráyè sunkún, èmi ni mo ń ka mínírà, èmi ni mo ń ṣọ́ ẹran kí wọ́n má baà jí i kó, gbogbo èèyàn ní mo ṣe bí akin. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà, mo ń wo fíìmù kan tí mi ò tiẹ̀ kà sí, ọkùnrin kan wọlé, ó bọ́ bàtà ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wá fi ẹsẹ̀ tò ó kó gún bí bàbá wa ṣe máa ń ṣe, ni mo bá bú sẹ́kún, àwọn ọmọ mi sáré wọlé wọ́n rò pé ẹnìkan ló pè mí lórí fóònù. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn o.

Ohun kan ṣoṣo ni màá bẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹkún yẹn ò mú ara fúyẹ́ mọ́, tó jẹ́ pé ilẹ̀ mọ́ ó ṣì wà níbẹ̀, oúnjẹ ò lọ, oorun ò wá, tó wá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fi ọ̀rọ̀ fíìmù sílẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Kò tíì dé bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ìlú ọba ni wọ́n bí mi sí ṣùgbọ́n mo gbọ́ Yorùbá. Mo ń wo síríìsì àwọn ará Kòríà àti tàwọn òyìnbó, àwọn tó ṣókùnkùn gan-an, wọ́n máa ń wọ̀ mí lára. Tiwa ń kọ́? Ẹ̀jẹ̀ yàà, igbe yàà, ìlù gbàmù gbàmù, síbẹ̀ mi ò mọ nǹkan kan lára. Kí ló fà á? — Ọmọ Peckham

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o sọ òótọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún. Èmi tí mo bá ń wo fíìmù tó wúwo, kì í ṣe ikú ni mo máa ń wò, ohun tó bá tẹ̀ lé ikú ni. Ta ló gbé òkú yẹn, ta ló lọ sọ fún ìyá ẹ̀, ta ló dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Fíìmù tó bá fo ibẹ̀ tó sáré lọ pa ẹlòmíì, ó ti pàdánù mi, kódà kí wọ́n da agbada ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Lọ wo October 1 tí Kunle Afolayan ṣe lọ́dún 2014, tó o bá sì fẹ́ wò ó kí n tó bà á jẹ́ fún ẹ, fo gbogbo ìpínrọ̀ yìí. Ọdún 1960 ni, òmìnira ku díẹ̀, wọ́n ń pa àwọn ọmọbìnrin ní abúlé kan tó ń jẹ́ Akote, ìjọba wá rán Ìnspẹ́kítọ̀ Danladi Waziri láti òkè Ọya wá wádìí ẹ̀, olóògbé Sadiq Daba ló ṣe é, ojú ọkùnrin yẹn nìkan tó fíìmù. Ìpànìyàn wà níbẹ̀, mi ò ní ò sí, ṣùgbọ́n ibi tó ti dùn mí kọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan wà tí wọ́n mú kúrò lábúlé lọ kàwé l'Ékòó lọ́dọ̀ fadá kan, fadá yẹn sì ń bá wọn sùn. Ọ̀kan sá padà wálé, ó sọ pé ìwé ti tán láyé òun, ó mú àdá ó lọ sóko, gbogbo ìlú ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé olóríburúkú ni, kò sì lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ìkejì ni ọmọ ọba, ó kàwé jáde yunifásítì, ó wọ kóòtù, ìlú pàgọ́ ijó fún un, òun wá ni apànìyàn. Nígbà tí ìnspẹ́kítọ̀ wá rí òótọ́ yìí tán, àwọn òyìnbó ní kó gbé e mì, kí òmìnira má baà dàrú. Ṣé o rí i? Wọ́n ń ta àsíá, wọ́n ń kọrin, òótọ́ wà nínú fáìlì. Mi ò tíì rí síríìsì Kòríà tó ṣe mí báyẹn, èmi náà sì ń wò wọ́n o.

Èkejì ni ti Ẹlẹ́ṣin Ọba tí olóògbé Biyi Bandele ṣe, ó kú ní August 2022 kí fíìmù náà tó jáde. Inú eré tí Wole Soyinka kọ jáde lọ́dún 1975, Death and the King's Horseman, ni ìtàn náà ti wá, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ l'Ọ́yọ̀ọ́ layé òyìnbó ni ìpìlẹ̀ ẹ̀. Ọba wàjà, Ẹlẹ́ṣin ló yẹ kó bá a lọ, ayé dùn mọ́ ọn, òyìnbó sì tún dá a dúró. Ọlúńdé ọmọ ẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà n'ílẹ̀ òyìnbó wálé láti wá sin bàbá ẹ̀, ó dé, ó bá bàbá láàyè. Nínú ìwé, a ò rí bí Ọlúńdé ṣe kú rárá. Àwọn obìnrin ló gbé nǹkan kan tí wọ́n dì gbọọrọ wá lórí èjìká, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú yàrá tí wọ́n ti Ẹlẹ́ṣin mọ́, Ìyálọ́jà bá a sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ kó tó di pé wọ́n ṣí i fún un, ọmọ ẹ̀ ni. Ọmọ ti lọ sí ibi tó yẹ kí bàbá lọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀, àbúrò. Lọ ka ìwé yẹn kó o tó wo fíìmù, torí fíìmù náà dáa, ojú Odunlade Adekola lójú ẹ̀wọ̀n yẹn kò ṣeé gbàgbé, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ló ni ín.

Níbi tí mo ti gbà pẹ̀lú ẹ ni irú House of Ga'a, 2024, ti Bolanle Austen-Peters. Ìtàn tó tóbi jù láti fi sáré! Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, bí o láyà ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà kó o ṣòótọ́. Ọba bíi mélòó ni Gáà, Baṣọ̀run Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ yẹn, rán lọ sọ́run, àwọn babaláwo ní kó wá agbọ̀nrín fún ètùtù, ó lọ mú ọmọ Aláàfin Abíọ́dún torí pé Agbọ̀nyín ni wọ́n ń pe ọmọ. Jọ̀ọ́, fi kámẹ́rà síwájú ìyá ọmọ yẹn kó o má gbé e kúrò níbẹ̀! Rárá o, ogun ti dé, idà ti yọ, ọba míì ti gorí ìtẹ́, kí n tó mọ orúkọ ẹ̀ ó ti kú. Femi Branch tó ṣe Gáà gbìyànjú gan-an, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ fíìmù yẹn ò jẹ́ ká mí. Eré tí Adebayo Faleti kọ lórí Gáà kan náà ní 1972, tí wọ́n ń kà níléèwé, jẹ́ ká jókòó ti àwọn èèyàn yẹn kí wọ́n tó pa wọ́n.

Ti igbe àti ìlù tó o sọ, mo fọwọ́ sí i, kí wọ́n bá wa dín in kù. Tí òṣèré bá mọ iṣẹ́, kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe ń mí.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa ń jókòó tì mí tí mo bá ń wo àwọn fíìmù yìí, tí mo bá ní kó lọ sùn á ní òun ò bẹ̀rù. Kí ni ṣíṣe? — Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Kó lọ sùn. Nọ́ńbà tí àwọn National Film and Video Censors Board máa ń fún fíìmù, 12, 15, 18, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ara páálí, ẹ máa wò ó. Netflix náà, ẹ lè ṣí profáìlì ọmọdé fún un, kẹ́ ẹ wá fi PIN ti tiyín, kẹ́ ẹ má fi ọjọ́ ìbí ẹ̀ ṣe PIN yẹn o, wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n. Ti YouTube ló le jù, fíìmù Yorùbá tó wà níbẹ̀ pọ̀ tí ẹ ò ní rí nọ́ńbà kankan lórí ẹ̀, àwòrán iwájú ẹ̀ nìkan ti tó dẹ́rù ba àgbàlagbà, ẹ jókòó tì í tó bá ń lò ó. Ọmọ tó ní òun ò bẹ̀rù, tó bá di òru yàrá yín náà ló máa wá.

ÌBÉÈRÈ: Inú ṣì ń bí mi títí di báyìí. Mo wo Òlòtūré tán, mo fẹ́ fọ tẹlifísàn. Irú ìparí wo nìyẹn? Ọmọbìnrin yẹn jìyà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò wá lè jẹ́ kó délé? — Bínú-bínú, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Ẹ rọra o, tẹlifísàn ti wọ́n! Fún ẹni tí kò tíì wò ó, akọ̀ròyìn kan ló díbọ́n bí aṣẹ́wó kó lè tú àṣírí àwọn tó ń kó ọmọbìnrin lọ ta nílẹ̀ òkèèrè, Kenneth Gyang ló darí ẹ̀, Netflix gbé e jáde ní October 2020. Ìparí ẹ̀, ọkọ̀ tó kó wọn ti dé ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀, òun náà sì wà nínú ọkọ̀.

Èmi ò bá yín bínú lórí èyí. Tí wọ́n bá jẹ́ kí ọlọ́pàá dé lásìkò, kí ọ̀gá burúkú wọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ká pàtẹ́wọ́ ká lọ sùn, ṣé bó ṣe ń rí fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó gba ojú ọ̀nà yẹn nìyẹn? Ìbínú tẹ́ ẹ bí yẹn gan-an ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí i. Ohun tí mo fi bá wọn jà ni ti Linda, ọ̀rẹ́ ẹ̀, tí kò dé ibi tó ń lọ. Èèyàn yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú fíìmù yẹn, ó ń ṣàwàdà, ó ń fẹ́ ìrọ̀rùn fún àwọn èèyàn ẹ̀, ikú ẹ̀ wá kọjá wàrà, ó yẹ kí fíìmù yẹn dúró níbẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó ṣe é padà gbé apá míì jáde ní 2024, Òlòtūré: The Journey, ẹ lè lọ wò ó tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ìrìn àjò náà ṣe lọ, ṣùgbọ́n ẹ má retí ìtura níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, Jímọ̀ ni mo ráyè, mo fẹ́ kí inú mi bàjẹ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n kì í ṣe kó bàjẹ́ pátápátá, mo ní iṣẹ́ láàárọ̀ Sátidé. Kí ni kí n wò? — Télọ̀, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí. Wo Aníkúlápó, ti 2022, pàápàá ìwọ tó o jẹ́ télọ̀, torí Saro inú ẹ̀ náà, aṣọ òfì ló ń hun. Ó fẹ́ ìyàwó ọba, wọ́n lù ú pa, ẹyẹ Àkàlà jí i dìde, láti ìgbà tó ti gba agbára yẹn ló ti ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó máa dùn ẹ́ níbẹ̀ ni Arọ́lákẹ́, ìyàwó ọba yẹn, Bimbo Ademoye ló ṣe é, ó fi ààfin sílẹ̀ torí ọkùnrin, ọkùnrin wá ń fi í ṣeré. Aṣọ dáa, ojú ilẹ̀ dáa, ìbànújẹ́ ẹ̀ sì wọ̀n. Ó ju wákàtí méjì lọ o, tètè bẹ̀rẹ̀, má jẹ́ kó di aago mọ́kànlá alẹ́, kó o má baà lọ rán ọwọ́ aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn láàárọ̀ Sátidé.